Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Mo Fi Na Ìgò sí Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ní ẹrù kan tí mo ti ń rù fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. N kò gbé e sórí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè rí i kí ó bá mi sọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ sì fẹ́ bú mi, ẹ kò jẹ̀bi.

Mo ba iṣẹ́ ńlá kan jẹ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n dá lẹ́bi. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú mi, n kò la ẹnu. Ẹni náà ni ọkọ mi lónìí. Títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó gbà pé ọwọ́ òun ló ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé lẹ́tà kan dé ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá wa àtijọ́ ló kọ ọ́. Ó ní kí ọkọ mi padà wá bá òun ṣiṣẹ́, kí ó sì fèsì kí oṣù yìí tó parí. Ọkọ mi ní òun kò lọ. Ó ní ọwọ́ òun kò dára. Bí mo bá tún dákẹ́, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí n ó gba iṣẹ́ kan náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn ni mí. Bàbá mi ń rán fìlà. Ó fi wá sí ilé kéú, ó sì tún fi mí sí ilé ìwé ìjọ ní Kúdẹtì, ohun tí àwọn ará ilé wa bá a jà lé lórí títí ó fi sú wọn. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo sì fi ọdún mẹ́ta lé e. Lẹ́yìn náà ni mo rí iṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní dárúkọ ibẹ̀.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tó kàwé nílùú òyìnbó. Dókítà ni à ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà tí ń gún abẹ́rẹ́. Èyí dun ìyá mi díẹ̀, nítorí ó ti ń retí pé n ó máa mú oògùn ibà wálé.

Dókítà ní nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe iṣu, ìwé kan wà tí Ọlọ́run kọ síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó fi kọ ọ́. Ìwé náà ló ń sọ fún iṣu pé kó hù ní iṣu, òun náà ló ń sọ fún ọmọ pé kó jọ bàbá rẹ̀. DNA ni wọ́n ń pe ìwé ńlá náà. Ó gùn kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà títí di òní. Ṣùgbọ́n ara máa ń da díẹ̀díẹ̀ kọ láti inú rẹ̀, láti fi jíṣẹ́ káàkiri. Àwọn ẹ̀dà tí ń jíṣẹ́ yìí ni RNA. Ọ̀kan wà nínú wọn tó kúrú, tí lẹ́tà rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún. Òun ni Dókítà fẹ́ kà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti orí dé ìdí.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti ń wá a. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ni. Ó ní ohun tó ń mú kí ẹmu máa hó jẹ́ àwọn ohun alààyè tíntìntín, pé ìsàlẹ̀ agbè ni wọ́n máa ń rọ̀ sí. Àwa ni à ń gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́mu, korobá lórí korobá. A ń sẹ́ ẹ, a ń fọ̀ ọ́, a ń yọ RNA inú rẹ̀. Korobá kan kì í mú ju ohun tó lè bo èékánná ìka lọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi ń kó o jọ.

Èmi ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ onífìlà, ni mo ń ti ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá sí Bẹẹrẹ lójoojúmọ́ tí gbogbo aṣọ mi ń rùn bí ẹmu. Àwọn obìnrin inú bọ́ọ̀sì á máa wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó gbé fìlà tó ń rán sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ lò ń lọ àbí ilé ẹlẹ́mu?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ìwé ló wà nínú ẹmu náà. À ń gbìyànjú láti kà á ni."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"A ò tíì mọ̀, Bàbá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ oríṣiríṣi irọ́ ọmọ tó mutí, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ irú èyí rí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. Ó ní kí n máa wẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí n tó wọlé, àti pé lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ ohun ìtìjú kan nípa mi níbi iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Kì í ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n ó wà nínú ohun tó dí mi lẹ́nu.

Ẹni tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà yé mi gan-an kì í ṣe Dókítà. Làmídì ni, ọmọ Ìdí Arère, tó ń fọ ìgò. Ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó sì fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà Búọ̀dá Làmídì ni mo ń pè é. Ẹ má rò pé fífọ ìgò yìí dà bí ẹni ń fọ abọ́. Á rẹ ìgò sínú omi gbígbóná tó lè bó ọwọ́, á ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, á gbé e sínú ààrò oníná títí gbogbo ohun tó lè ba nǹkan jẹ́ lára rẹ̀ á fi jóná. Lẹ́yìn náà á gbé e sókè sí fèrèsé, á di ojú kan, á wò ó. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tó bá máa fẹ́ ẹ ti rí ọkọ tí kò ní jẹ́ kó fọ abọ́ láyé.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Búọ̀dá, tí lẹ́tà yìí bá kéré tó báyìí tí ojú ò lè rí i, báwo ni Dókítà ṣe fẹ́ kà á?"

Ó mú tákàdá, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́ẹ̀mejì: Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ó gé ti àkọ́kọ́ sí mẹ́ta. "Ìbàdàn kì í" dá wà, "gbe onílé" dá wà, "bí àjèjì" dá wà. Ó dà wọ́n rú lórí tábìlì.

Ó ní, "Ká ní o ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láyé ẹ. Ṣé o mọ èyí tó ṣíwájú?"

"Mi ò lè mọ̀."

Ó wá mú ìkejì, ó gé e níbòmíràn: "Ìbàdàn", "kì í gbe", "onílé bí", "àjèjì". Ó fi ìka tọ́ "kì í gbe". Ó ní, "Eléyìí ti tú àṣírí. Tó bá jẹ́ pé 'gbe' ló tẹ̀ lé 'kì í', á jẹ́ pé èyí tó parí sí 'kì í' ló ṣíwájú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'gbe'. Wo 'onílé bí' náà. Òun ló so ìkejì mọ́ ìkẹta." Ó tò wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì pé padà lójú mi. "Ohun tí Dókítà ń ṣe nìyẹn. Oògùn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa ń gé e. Òmíìn ń gé e lẹ́yìn lẹ́tà méjì míì. Ó máa fi ti àkọ́kọ́ gé ìlàjì, ó máa fi ìkejì gé ìlàjì tó kù, ó máa wá jókòó tò ó."

N kò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Mo ti ń kàwé láti kékeré, n kò rò ó rí pé a lè ka ohun tí ojú kò rí nípa gígé e sí wẹ́wẹ́ lọ́nà méjì. Mo bi ara mi pé ta ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí, ṣé ó sùn lóru náà? Ọgbọ́n àwọn èèyàn wọ̀nyí ń bà mí lẹ́rù, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ yí padà lójú mi. Páìpù gíláàsì gígùn kan wà tí a rọ ìyẹ̀fun kún inú rẹ̀. Bí a bá da àwọn gígé náà sí i lórí, èyí tó kúrú á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, èyí tó gùn á máa bọ̀ lẹ́yìn, ìkán kan tẹ̀ lé ìkán kan. Èmi ni mo ń jókòó tì í tí mo ń pààrọ̀ ìgò. A ó tún kán wọn sí etí tákàdá, a ó fi kọ́ sínú omi kan tó máa ń fa wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á dúró ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí tákàdá bá gbẹ, funfun báláú ló máa ń rí. Dókítà á wá ti fèrèsé, á tan iná kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò hàn dáadáa sí ojú, àmì dúdú á sì yọ lórí tákàdá náà, níbi tí kò ti sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ń fi pẹ́ńsù yí wọn ká. Mo máa ń rò pé nǹkan tí Ọlọ́run kọ ni mo ń fi pẹ́ńsù yí ká yìí.

Dókítà fúnra rẹ̀ jẹ́ onísùúrù èèyàn. Òfin kan ṣoṣo ló ní tó le. Ọjọ́ tí mo wọṣẹ́ ló ti sọ ọ́ fún mi. Ó ní òógùn ọwọ́ èèyàn ní ohun kan nínú tó máa ń jẹ RNA run. Ó ní bí ìka kan bá kàn án, ohun tí a fi oṣù mẹ́jọ kó jọ lè di èérún láàárín ọjọ́ kan.

Ó ní, "Kì í ṣe pé o dọ̀tí. Ọlọ́run ló fi sí ara gbogbo wa. Ìbọ̀wọ́ ni ká máa wọ̀. Nínú yàrá yìí kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ àti ọwọ́ tí kò wọ̀ ọ́ ló wà."

Mo gbọ́ ọ. Ó yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà mí sílẹ̀ pé n kò mọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, gbogbo ohun tí a kó jọ wà nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó kù kò ju èyí tó wà lọ́wọ́ wa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, tọwọ́ ọ̀tún mi fàya. Dókítà ní kí n fi tọwọ́ òsì ṣiṣẹ́, kí ọ̀tún má ṣe súnmọ́ ìgò náà rárá, pé ìbọ̀wọ́ tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó kù kí n dé ìgò náà lẹ́nu kí n sì gbé e sínú yìnyín. Wọ́n pe Dókítà sí tẹlifóònù. Làmídì wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ ìgò.

Ìgbà náà ni bàbá Dókítà wọlé. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bàbá náà ni ọ̀gá ilé ìwé wa ní Kúdẹtì. Bàbá Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, mo fi ọwọ́ òsì na sílétì mi sí i. Kò gbà á. Ó ní kí n na ọwọ́ náà síwájú, ó fi pàṣán nà án lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ní kí n padà sí àyè mi kí n tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ fún àgbà ní nǹkan, ọwọ́ òsì mi máa ń sá sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ kọ́ lọmọ onífìlà Àrẹ̀mọ?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé ohun tí ọmọ mi ń kà látọjọ́ yìí nìyẹn? Mú un wá kí n rí i." Ó na ọwọ́.

Ìgò náà wà ní ọwọ́ òsì mi, nínú ìbọ̀wọ́. Mo nà án síwájú. Bàbá Tíṣà kàn wo ọwọ́ òsì mi ni, ọwọ́ tirẹ̀ sì dúró níbi tó wà.

Kò pẹ́ tó kí n mí lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ìgò náà sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo kúnlẹ̀. Nítorí pé n kò tíì dé e lẹ́nu, tí n kò sì fẹ́ kí ó dà bí mo ti ń kúnlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀. Mo sì nà án sí i.

Bàbá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Omi lásán mà ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ọba òkè tóbi." Ó dá a padà fún mi. Ó ní, "O ṣì ní ẹ̀kọ́ ilé. Inú mi dùn."

Nígbà tó jáde, mo wo àtàǹpàkò mi. Ó tutù, omi wà lórí rẹ̀.

Mo nù ún mọ́ aṣọ. Mo dé ìgò náà, mo gbé e sínú yìnyín. Mo sọ fún ara mi pé ìkán kan ni, pé kò lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Dókítà padà wá tó bi mí pé ṣé gbogbo nǹkan wà ní àlàáfíà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Lọ́jọ́ kẹta, Dókítà gé e. Ó ti ṣe díẹ̀ rí láti fi dán an wò, nítorí náà ó mọ bí àmì yóò ṣe tò lórí tákàdá. Ó ti fèrèsé, ó tan iná rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbẹ̀. Àmì tó yẹ kó tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò tò. Gbogbo rẹ̀ ti di èérún, ó kóra jọ sí ibì kan.

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Nǹkan kan ti bá wa gé e ká tó gé e." Ó jókòó. Ó wá yíjú sí mi. "Ọwọ́ òsì nìkan lo lò, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Kò gùn. Mo ti pa á fún ọdún mẹ́rin.

Làmídì ló wá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Ó ní, "Sà, iná lọ lọ́jọ́ Túsìdeè nígbà tí àwọn ìgò wà nínú ààrò. Mo tún wọn gbé síbẹ̀ nígbà tí iná dé, ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé ó gbóná tó. Ó lè jẹ́ èmi."

Ó lè jẹ́ èmi. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ. Òun tí kò ṣe nǹkan kan kò lè búra, èmi tí mo mọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo ń wo ilẹ̀.

Dókítà bẹ̀bẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó ga ju Dókítà lọ kò gbà. Wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n ka ìwé ìdádúró rẹ̀ sí i létí níwájú wa. Wọ́n ní àìbìkítà ni. Làmídì! Ẹni tí ń ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìnkùlé, ó fọ gbogbo ìgò tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tán, ó tò wọ́n kó tó lọ.

Kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀? Mo bẹ̀rù bàbá mi. Mo bẹ̀rù ìtìjú. Mo tún fi Bàbá Tíṣà bojú. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, Dókítà yóò gbọ́ pé nítorí bàbá tó bí i ni iṣẹ́ rẹ̀ fi bàjẹ́. Mo pe ìyẹn ní àánú. Bàbá Tíṣà ti re ibi àgbà ń rè báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní kí n fi ìgò han òun, èmi ni mo yan ọwọ́ tí mo fi nà án.

Nǹkan bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí Làmídì lọ, ìwé kan dé láti Amẹ́ríkà. Àwọn kan níbẹ̀ ti ka irú RNA bẹ́ẹ̀ tán, ti inú ìwúkàrà búrẹ́dì, láti orí dé ìdí. Mo rò pé Dókítà yóò sunkún. Ńṣe ló pe gbogbo wa. Ó gé tákàdá sí wẹ́wẹ́, ó kọ lẹ́tà sí wọn, ó tò wọ́n mọ́ ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ibi fèrèsé, kò tó ọgọ́rin. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ níwájú wọn. Ó ní, "Ẹ wò ó. Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò ka èyí rí. Wọ́n ti kà á." Ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló kà á. Ó ní lọ́jọ́ kan wọn yóò ka ìwé ńlá náà, ti iṣu, ti ẹṣin, ti èèyàn. N kò rí ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo jáde lọ sí ibi tí Làmídì ti máa ń fọ ìgò tẹ́lẹ̀, mo sunkún níbẹ̀.

Dókítà padà sílùú òyìnbó lọ́dún náà. Èmi náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá Ọjà'ba. Nígbà tó rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá bàbá mi nítorí mi, mo gbà. Àwọn kan ní mo ṣe dáadáa, pé n kò fi ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gé tákàdá fún mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń yìn mí, ńṣe ni ó ń gún mi lára.

Ó bí Ràfátù fún mi, àbí kí n sọ pé mo bí i fún un. Lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n gbé ọmọ fún un. Ó kọ́kọ́ dìde lọ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún un ṣàn. Mo ń ka iye ìgbà láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni. Ìyá rẹ̀ ní kí ló ń ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọwọ́ mi yìí ti ba nǹkan ńlá jẹ́ rí." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí di òní kó tó gbé ọmọ rẹ̀.

Ní báyìí Dókítà ti padà dé. Ó fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó ní òun kò rí ẹni tó mọ ìgò fọ̀ bíi Làmídì níbikíbi tí òun dé, pé kí ó wá, kí ó sì máa kọ́ àwọn tuntun. Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Dókítà ń ṣàánú òun ni. Ó ti kọ èsì pé òun kò wá. Èsì náà wà nínú àpò ẹ̀wù gbérí rẹ̀ tó fi kọ́ sára ìṣó. Ó ní òun yóò fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti jókòó tì í láti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti sọ nǹkan mìíràn. Ìkẹta, mo bi í pé ṣé kí n bu omi fún un.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sí yín. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ kí oṣù tó parí, ẹ má sì yí orúkọ kankan padà. Ìwé ìròyìn yín máa ń dé Ọjà'ba láàárọ̀ Sátidé. Ọkọ mi ló ń rà á. Lọ́sàn-án, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, àwọn ìyá tí kò kàwé á yí i ká, á sì ka abala yìí, tí àwọn èèyàn ti ń jẹ́wọ́ ọ̀ràn wọn, fún wọn sókè ketekete, nítorí abala náà ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ti jọ dá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́bi lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ní gbọ̀ngàn, níwájú gbogbo èèyàn, ni wọ́n ti ka ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i létí. Kò tọ́ kí n wá sọ òótọ́ fún un ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé níbi gbogbo, ẹ sọ fún mi bí ìyàwó ṣe lè san irú èyí padà, nítorí èmi kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ràfátù, ẹ ti kà á dé ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká ìwé náà kò. Ẹ̀yìn yín ni mo wà, lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ti kúnlẹ̀. Ẹ ya lẹ́tà inú àpò gbérí yín. Ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ọwọ́ yín mọ́. Ó ti mọ́ láti ọjọ́ náà.